Kí Ló Ń Mú Kí Èèyàn Pa Oògùn Àìsàn Ọpọlọ Tì? Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé àti Ìdáhùn Wa

Nínú àwọn lẹ́tà tó ń dé ọ̀dọ̀ wa lórí àìsàn ọpọlọ, ọ̀rọ̀ oògùn ló gba iwájú. Àwọn kan wá láti ọwọ́ ará ilé tí sùúrù wọn ti ń tán, àwọn mìíràn sì wá láti ọwọ́ ẹni tí wọ́n kọ oògùn fún gan-an. A yan márùn-ún nínú wọn, a gé wọn kúrú, a sì yọ ohun gbogbo tó lè mú kí ẹnikẹ́ni dá ẹni tó kọ wọ́n mọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, àwọn dókítà sì sọ pé schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó lè mú kí èèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí, ló ń bá a jà. Níṣojú wa ló máa ń ju oògùn rẹ̀ sẹ́nu, tí yóò mu omi lé e, tí yóò sì la ẹnu kí a lè rí i pé ó ti gbé e mì. Àfi bí mo ṣe ń yọ aṣọ ìrọ̀rí rẹ̀ láti fọ̀ ọ́ tí mo bá oògùn nínú rẹ̀. Àwọn kan ti rọ̀, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, àwọ̀ wọn sì ti ràn mọ́ aṣọ náà. Ó ní kò sí ohun tó ń ṣe òun. A ti bẹ̀ ẹ́, a ti bá a wí, a ti halẹ̀ mọ́ ọn. Kí ló dé tó fi ń ṣe orí kunkun tó báyìí? — Ẹ̀gbọ́n obìnrin tí ọ̀rọ̀ sú

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú àìsùn. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ gbà gbọ́ ni pé ohun tí ẹ bá nínú ìrọ̀rí yẹn kì í ṣe orí kunkun. Ẹni tó ń fi oògùn pamọ́ ní ìdí tirẹ̀, ìdí náà sì múná lójú rẹ̀, yálà ó sọ ọ́ jáde tàbí kò sọ ọ́. Kì í sì í ṣe àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2003, wọ́n kọ ọ́ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tó lọ́rọ̀ pàápàá, nǹkan bí ìdajì péré nínú àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ gbọọrọ, tó fi mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, ló ń tẹ̀ lé ìtọ́jú wọn bó ṣe yẹ. Ní ti schizophrenia, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2005, tẹ̀ lé àwọn aláìsàn tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,500 fún oṣù 18. Kí àkókò náà tó pé, 74 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò lo oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ fún wọn mọ́: àwọn kan nítorí pé kò ṣiṣẹ́ tó, àwọn kan nítorí pé ara wọn kò gbà á, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló ní àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́.

Ìdí kan wà tó jẹ́ pé inú àìsàn náà gan-an ló ti ń jáde. Ọpọlọ tó yẹ kó sọ fún èèyàn pé ara rẹ̀ kò yá ni àìsàn náà kọlù, nítorí náà ẹni náà lè máà mọ̀ rárá pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ní 1914, Joseph Babinski, dókítà ará Faransé, ṣàpèjúwe àwọn aláìsàn tí apá kan ara wọn ti rọ, síbẹ̀ tí wọn kò mọ̀ pé ó rọ. Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹni tó ní schizophrenia. Bí àbúrò yín ṣe ní kò sí ohun tó ń ṣe òun yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ inú rẹ̀ ló ń sọ. Ẹni tí kò sì rí àìsàn lára rẹ̀, kí ni yóò fi oògùn ṣe? Bó bá tún wá jẹ́ pé ohùn tó ń gbọ́ ń sọ fún un pé májèlé ni ohun tí ẹ ń fún un, ìhàlẹ̀ yín yóò kàn máa fìdí ọ̀rọ̀ ohùn náà múlẹ̀ ni.

Ìdí kejì ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ilé kì í wò. Àwọn oògùn yìí máa ń dá wàhálà sílẹ̀ lára ẹni tó ń lò wọ́n. Ẹ wo haloperidol àti àwọn oògùn àtijọ́ tó jọ ọ́: wọ́n lè mú kí ọrùn àti apá le, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí itọ́ máa dà, kí ojú má fi ayọ̀ tàbí ìbànújẹ́ hàn mọ́. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni àìlèjókòó kan tí kì í jẹ́ kí ara èèyàn lélẹ̀. Ẹni tó ń ṣe yóò jókòó ti oúnjẹ, kò ní í tó ìṣẹ́jú méjì tí yóò fi dìde. Yóò dúró, yóò máa gbé ẹsẹ̀ kan sókè, yóò máa gbé èkejì sílẹ̀ lójú kan náà bí ẹni tó ń tẹ amọ̀. Yóò rìn yí yàrá po, yóò dùbúlẹ̀, yóò tún dìde. Bí ẹ bá bi í pé kí ló dé, ó lè máà rí ọ̀rọ̀ kankan fi ṣàlàyé ju pé ara òun kò gba òun. Ará ilé á ní àìsàn ló tún ti gbé e dé, wọn á sì rọ̀ ọ́ kó lo oògùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn náà ló ń ṣe é.

Àwọn oògùn tó dé lẹ́yìn wọn kì í sábà fa èyí tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn náà ní tiwọn. Olanzapine lè mú kí ebi máa pa èèyàn láìdábọ̀ títí aṣọ rẹ̀ kò fi ní í gbà á mọ́. Risperidone lè mú kí ọmú ọkùnrin wú, kí nǹkan oṣù obìnrin sì dúró. Púpọ̀ nínú wọn ló máa ń dín ìfẹ́ àti agbára ìbálòpọ̀ kù. Ọkùnrin mélòó ló lè jókòó níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kó sọ ìyẹn jáde? Ó yá a lára kó fi oògùn náà sínú ìrọ̀rí.

Nítorí náà, ẹ yí ìbéèrè yín padà. Dípò kí ẹ máa bi í pé "Ṣé o ti lò ó?", ẹ bi í pé "Kí ni oògùn yìí ń ṣe sí ọ lára?", kí ẹ sì fetí sí i títí yóò fi sọ̀rọ̀ tán, láìjá lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, láìsọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe bá a jiyàn bóyá àìsàn ń ṣe é tàbí kò ṣe é. Ẹ bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́: ó lè jẹ́ oorun àsùngbádùn, ó lè jẹ́ kó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ kí ohùn tó ń yọ ọ́ lẹ́nu dákẹ́ díẹ̀. Oògùn tó bá rí i pé ó ń gbé òun lọ síbẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kó gbà. Ẹ bá a kọ ohun tó sọ sílẹ̀, kí ẹ jọ gbé e lọ bá dókítà, nítorí pé ohun tí dókítà lè ṣe pọ̀. Ó lè dín ìwọ̀n oògùn kù, ó lè pààrọ̀ rẹ̀, ó lè kọ òmíràn tí yóò dẹ ara tó le náà, ó sì lè sún un sí alẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Abẹ́rẹ́ tún wà tí wọ́n ń gún ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ní oṣooṣù tàbí ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, tó ń gba gbogbo ilé lọ́wọ́ ìjà ojoojúmọ́ lórí oògùn. Àmọ́ bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ yìí halẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni fẹ́ fìyà jẹ ẹ́, ẹ ti bà á jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kó sú yín, nítorí pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí kó àbájáde ìwádìí 65 jọ ní 2012, wọ́n rí i pé láàárín ọdún kan, àìsàn náà padà sára 64 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n gba oògùn lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n 27 péré ni nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń bá a lọ.

Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà pé àbúrò yín kò lo oògùn náà láti ọjọ́ yìí wá. Bí dókítà kò bá mọ̀, yóò rò pé oògùn náà ni kò ràn án, yóò sì fi kún un. Ọjọ́ tí ẹ bá wá rí i dájú pé ó gbé gbogbo rẹ̀ mì, ìwọ̀n tí ara rẹ̀ kò mọ̀ rí ni yóò wọ inú ara rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ clozapine ni wọ́n kọ fún un, tí kò sì lò ó fún ohun tó ju wákàtí 48 lọ, ẹ má ṣe dá a bẹ̀rẹ̀ padà nílé rárá: láti ìwọ̀n tó kéré gan-an ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ tún un bẹ̀rẹ̀, lójú dókítà.

ÌBÉÈRÈ: Paroxetine ni dókítà kọ fún mi fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Nígbà tó di oṣù kẹta, ara mi ti yá, mo ti ń rẹ́rìn-ín, mo sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ni mo bá jáwọ́ nínú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, nǹkan kan ń ta mí nínú orí bí iná mànàmáná bí mo bá yí ojú, mo sì ń sunkún láìnídìí. Mo padà lò ó, gbogbo rẹ̀ sì lọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé oògùn yìí ti di bárakú fún mi ni? — Ẹni tó ń fẹ́ òmìnira

ÌDÁHÙN: Kò di bárakú fún yín lọ́nà tí ọtí ń gbà di bárakú fún ọ̀mùtí. Ọkàn yín kò fà sí i, ẹ kò sì nílò kí ẹ máa fi kún un kó tó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n n kò ní fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yín sẹ́yìn, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Oògùn náà ti mọ́ ara yín lára, ẹ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Paroxetine àti venlafaxine, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì mìíràn, máa ń tètè tán nínú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyí tí jíjáwọ́ nínú wọn fi ń dà èèyàn láàmú ju jíjáwọ́ nínú fluoxetine, tí òun náà jẹ́ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, àmọ́ tó máa ń pẹ́ nínú ara kó tó kúrò. Ẹ óò mọ̀ pé kì í ṣe ìrẹ̀wẹ̀sì ló padà nítorí pé ó yára dé, ó mú òòyì àti títa inú orí yẹn wá, ó sì lọ kíákíá nígbà tí ẹ padà lo oògùn. Àìsàn tó bá fẹ́ padà kì í sábà yára tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gbà á ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, oorun á kọ́kọ́ dàrú, ohun tó ń dùn mọ́ èèyàn kò sì ní í dùn mọ́ ọn mọ́.

Ẹ ò ṣàjèjì nínú ohun tó mú yín dá a dúró. Ara yíyá wà lára ohun tó sábà ń mú kí èèyàn pa oògùn tì, ó sì bọ́gbọ́n mu lójú ẹni tí ara rẹ̀ yá, nítorí pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lo oògùn orí fífọ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ara bá ti dá ṣáṣá, ó yẹ kí ẹni tó jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí ṣì máa lò ó fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Ẹni tó bá ti ṣe lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta rí lè nílò ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ dá a dúró lẹ́yìn náà, ẹ bá dókítà sọ ọ́, kí ẹ jọ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Bí ìdínkù kan bá ni yín lára jù, ẹ padà sí ìwọ̀n tó ṣáájú rẹ̀, kí ẹ sinmi níbẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Mo fi èyí kún un fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dé oṣù kejì. Inú rírú, orí fífọ́ àti àìróorun sùn lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, ìtura sì lè máà dé títí di ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin. Ìyà ló ń ṣáájú èrè, bí ẹnikẹ́ni kò bá sì sọ èyí fún aláìsàn tẹ́lẹ̀, ó di dandan kó gbà pé oògùn náà ń pa òun lára ni. Ọ̀rọ̀ àwọn tí kò tíì pé ọdún 25 tún gba àmójútó ju bẹ́ẹ̀ lọ: láti 2004 ni àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára oògùn wọ̀nyí pé èrò àtipa ara ẹni lè pọ̀ sí i lára àwọn ọmọdé ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fẹ ìkìlọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ọdún 18 sí 24 ní 2007. Bí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá wọlé, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé diazepam tàbí lorazepam, àwọn oògùn tó ń mú kí ara balẹ̀, ló ti ń lò tipẹ́tipẹ́, kó má ṣe dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà láé, nítorí pé ó lè fa gìrì tó lè gba ẹ̀mí.

ÌBÉÈRÈ: Oògùn mẹ́rin ni mò ń lò, àwọn kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Mo máa ń gbàgbé ti ọ̀sán, owó rẹ̀ sì ti wọ̀ mí lọ́rùn débi pé mo máa ń gé àwọn kan sí méjì kí wọ́n lè pẹ́. Ojú ń tì mí láti sọ fún dókítà. — Aláìlétò

ÌDÁHÙN: Ẹ sọ fún un. Oògùn ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, púpọ̀ nínú oògùn ọpọlọ ló sì ṣeé lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tó tún ìwé oògùn yín yẹ̀ wò láti ìgbà tó ti ń pọ̀ sí i ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn bóyá irú kan náà wà tí kò gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé oògùn kan náà lè ní orúkọ ilé iṣẹ́ púpọ̀ pẹ̀lú iye owó tó yàtọ̀ gan-an. Ìtìjú tí ẹ ń sọ yìí, àwọn tó ń kọ oògùn ló yẹ kó gbé e kúrò lọ́rùn aláìsàn. Dókítà tó bá béèrè pé "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ gbàgbé lọ́sẹ̀ yìí?" yóò gbọ́ òótọ́ ju èyí tó béèrè pé "Ẹ ń lò ó dáadáa, àbí?" lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi tó ti dàgbà kò gbà láti lo oògùn. Mo ti ń lọ̀ ọ́ kúnná, mo ń pò ó mọ́ oúnjẹ rẹ̀, ara rẹ̀ sì ti ń balẹ̀. Ṣé mo ṣe ohun tó burú? — Ìyá ọmọ

ÌDÁHÙN: Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ìyá ló sún yín dé ibẹ̀, n kò sì ní bá yín wí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ sì lọ sọ fún dókítà rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ọmọ yín ti ń gbádùn báyìí, ohun tó sì mọ̀ ni pé òun kò lo oògùn kankan. Ẹ ti fún un ní ẹ̀rí tó lágbára jù lọ pé kò nílò rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ìfura wà lára àìsàn rẹ̀, lọ́jọ́ tó bá rí ìyẹ̀fun nínú àwo oúnjẹ rẹ̀, ìfura náà ti di òtítọ́, kò ní í jẹ oúnjẹ yín mọ́, kò sì ní í gba oògùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè máa tú díẹ̀díẹ̀ nínú ara. Ẹni tó bá lọ̀ wọ́n ti da ìwọ̀n ọjọ́ kan sínú ara lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kì í ṣe pé kí ẹ kàn dá a dúró kí ẹ sì dákẹ́, nítorí pé ìdádúró òjijì náà léwu. Dókítà ni yóò bá yín wá ọ̀nà tí ọmọ yín yóò fi mọ ohun tó ń lò. Bó bá sì ti dé ojú ibi tó lè pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lára, ilé ìwòsàn ló yẹ kó wà, níbi tí òfin ti sọ ohun tí wọ́n lè ṣe àti èyí tí wọn kò gbọdọ̀ ṣe sí i.

ÌBÉÈRÈ: Bipolar, àìsàn tó ń mú kí orí gbóná nígbà kan, kí ọkàn sì rẹ̀wẹ̀sì nígbà mìíràn, ni wọ́n ní ó ń ṣe mí. Lithium ti jẹ́ kí n gbádùn fún ọdún méjì, ṣùgbọ́n orin tí mo máa ń kọ kò wá mọ́. Gbogbo nǹkan ṣú, ara mi wúwo, mo sì ń sanra. Nígbà tí orí mi gbóná, ó kéré tán, mo wà láàyè. Mo fẹ́ dá a dúró. — Akọrin

ÌDÁHÙN: Ohun tí ẹ pàdánù kì í ṣe ohun kékeré, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé kí ẹ máa dúpẹ́ nítorí pé orí yín ti balẹ̀ kò gbọ́ yín yé. Ní 1949 ni John Cade, dókítà ọpọlọ, kọ̀wé ní Ọsirélíà nípa bí lithium ṣe ń mú kí orí tó gbóná balẹ̀, ọ̀pọ̀ aláìsàn sì ti rojọ́ irú èyí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá oògùn yìí lẹ́bi tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún ohun méjì. Lithium lè mú kí thyroid, ẹ̀yà ara kan tó wà níwájú ọrùn, máa ṣiṣẹ́ falẹ̀, bó bá sì ti falẹ̀, ara wíwúwo, sísanra àti ọkàn tó ṣú gan-an ni yóò tẹ̀ lé e. Oògùn wà fún ìyẹn, láìjẹ́ pé ẹ fi lithium sílẹ̀. Èkejì ni ìwọ̀n lithium fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí tiyín ti ga ju ohun tí ẹ nílò nísinsìnyí tí orí yín ti balẹ̀ lọ, kí dókítà sì lè rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ẹ óò fi dé ibi tí orin á ti padà tí orí kò sì ní í gbóná.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ẹ ṣì pinnu láti jáwọ́, ẹ̀tọ́ yín ni, àmọ́ ẹ má ṣe é lójijì. Jíjáwọ́ nínú lithium lẹ́ẹ̀kan náà máa ń tètè mú kí orí gbígbóná padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ó kéré jù láti fi dín in kù, oṣù mẹ́ta ló sì dára jù, kí ẹnì kan tó mọ̀ yín dáadáa máa ṣọ́ oorun yín ní gbogbo àsìkò náà. Bí ẹ bá ṣì ń lò ó, tí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú yín, tàbí tí ẹ lo ibuprofen tàbí diclofenac fún ara ríro, lithium lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ẹsẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tí ahọ́n sì ń lọ́, ẹ má ṣe lo èyí tó kàn, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà.